Ẹ̀bùn Ilẹ̀ Tí a Ṣe ní Kọ̀rọ̀: Ogún Òbí Kò Gbọdọ̀ Di Ogun Ọmọ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti sánmà, tí gbogbo dúkìá yóò sì padà sí ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Lẹ́yìn náà, ọ̀ràn kan wà tí ó ń tú ilé Mùsùlùmí ká ní ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn oníwàásù kì í sì fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà lórí mínbárì. Ọ̀ràn náà ni ti ilẹ̀ tàbí ilé tí bàbá tàbí ìyá arúgbó fi lé ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ láìjẹ́ kí àwọn ọmọ yòókù gbọ́. Láti Èkó dé Ìbàdàn, láti Ìwó dé Ẹdẹ, ó ṣòro kí ènìyàn rí àdúgbò kan tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò sí.

Bí ó ṣe máa ń rí nìyí. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹsẹ̀ kò gbé e dé mọ́ṣáláṣí mọ́, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ó sì ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú pe àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó kù tì í nínú ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ yìí mú akọ̀wé kan wọlé. Wọ́n fi íǹkì kun àtàńpàkò bàbá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ẹ̀yìn ikú bàbá ni ìwé náà tó jáde. Àáfà ti jókòó láti pín ogún, àwọn ọmọ ti pé, ìyàwó bàbá wà nínú opó, nígbà náà ni ọmọ yìí nawọ́ sí àpò, tí ó ní kí wọ́n má ka ilẹ̀ ẹ̀bá títì mọ́ ogún, nítorí pé bàbá ti fi ta òun lọ́rẹ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ ìyá kò kí ọmọ ìyá mọ́. Àwọn kan gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ, àwọn kan gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, àwọn mìíràn sì gba ibi tí kò yẹ kí Mùsùlùmí mọ ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Àwọn baba ńlá Yorùbá sì ti sọ ọ́ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ Mùsùlùmí dì mú nínú ọ̀ràn yìí kò ju ọ̀kan lọ: ẹ̀bùn ilẹ̀ tí òbí kò lè ṣe ní ojú gbogbo ọmọ rẹ̀, kí ọmọ kankan má ṣe gbà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọrùn òbí nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọwọ́ tí ó gbà á kò mọ́ ju ọwọ́ tí ó fi í sílẹ̀ lọ.

OHUN TÍ Ó Ń FÀ Á

Àwọn ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń bí ọ̀ràn yìí. Àkọ́kọ́ ni pé òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òbí tí kò lè dìde mọ́ wà lábẹ́ ọmọ tí ó ń gbé oúnjẹ àti oògùn fún un. Bí àwọn ọmọ yòókù bá ti wà ní Èkó, ní Àbújá tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ owó nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ẹni tí ó mú ṣíbí oúnjẹ náà ni yóò mú àtàńpàkò.

Èkejì ni ilé olórogún. Ìyá tí ó bímọ méjì ń wo orogún rẹ̀ tí ó bímọ méje, ó sì ń bẹ̀rù pé bí bàbá bá kú, àwọn ọmọ òun yóò di ẹni ẹ̀yìn. Nítorí náà, yóò máa sọ ọ́ sí ọkọ rẹ̀ létí ní òru pé kí ó tètè yọ ti àwọn ọmọ òun sọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé ilẹ̀ ti di wúrà. Oko tí ẹnikẹ́ni kò yà sí ní ogójì ọdún sẹ́yìn ti di àárín ìlú. Ibi tí bàbá ti ń gbin kòkó tàbí ẹ̀gẹ́ ni títì ọlọ́dà gbà kọjá lónìí. Ohun tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀ ti tó ohun tí ọmọ lè tìtorí rẹ̀ ṣe ohun tí kò yẹ.

Kí a má fi irọ́ pa mọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹjọ́ ọmọ tí ó tọ́jú òbí ní ibi tí ó ti tọ́. Ẹni tí ó ń wẹ ìyá rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí ó ń pààrọ̀ aṣọ tí ìyá tọ̀ sí, tí ó fi iṣẹ́ àti ìgbéyàwó rẹ̀ falẹ̀ nítorí rẹ̀, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò wá ju ìgbà Ìléyá lọ, ṣé kò yẹ kí ó ní ju wọn lọ? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìtọ́jú òbí jẹ́ ọ̀ranyàn lórí gbogbo ọmọ. Nínú Súúrà Isra'i, ẹsẹ ìkẹtàlélógún àti ìkẹrìnlélógún, Ọlọ́hun so ṣíṣe dáadáa sí òbí mọ́ ìjọ́sìn fún Un, ó sì dárúkọ ìgbà ogbó wọn gan-an. Nítorí náà, àwọn ọmọ yòókù jẹ ẹni tí ó ń tọ́jú ní gbèsè. Kí wọ́n san án. Kí wọ́n pàdé nígbà tí òbí ṣì wà láàyè, kí wọ́n fi ẹnu kò lórí ohun tí wọn yóò máa fún un lóṣooṣù, tàbí kí gbogbo wọn fi ọwọ́ sí i pé yàrá kan tàbí pulọ́ọ̀tì kan jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí a ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba jẹ́ ẹ̀san. Ohun tí a ṣe nínú yàrá pẹ̀lú íǹkì jẹ́ olè, bí ẹni tí ó ṣe é tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó tọ́jú òbí jùlọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹ̀san ńlá tí ó wà fún un ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun jẹ́ nítorí ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀.

ÌDÁJỌ́ ÀNÁBÌ LÓRÍ Ẹ̀BÙN BASHIR

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Ó ṣẹlẹ̀ ní Mẹdínà nígbà ayé Ànábì, Bukhari àti Muslim sì gba ìtàn rẹ̀ wá. Bashir ọmọ Sa'd fún ọmọ rẹ̀ Nu'man ní ẹ̀bùn kan. Ìyá Nu'man, Amrah ọmọ Rawaha, sọ pé òun kò ní gbà á títí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun yóò fi jẹ́ ẹlẹ́rìí sí i. Bashir gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Kò sí ohun tí Ànábì béèrè lórí iye tí ẹ̀bùn náà tó, kò sì béèrè bóyá Nu'man jẹ́ ọmọ tí ó ń gbọ́ràn. Ohun tí ó béèrè ni pé ṣé gbogbo ọmọ rẹ̀ ni ó fún ní irú rẹ̀. Bashir ní rárá. Ànábì pa á láṣẹ pé kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí ó sì ṣe déédéé láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Ó kọ̀ láti jẹ́ ẹlẹ́rìí, ó sì pe ọ̀rọ̀ náà ní àbòsí. Nínú ẹ̀gbàwá mìíràn, ó bi Bashir bóyá inú rẹ̀ yóò dùn kí gbogbo ọmọ rẹ̀ ṣe dáadáa sí i bákan náà. Bashir padà sílé, ó sì gba ẹ̀bùn náà padà.

Kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí wo ìtàn yìí dáadáa. Ẹni tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀ràn náà ni ìyá ọmọ tí a fún ní ẹ̀bùn. Ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ní nǹkan, ṣùgbọ́n ó kọ̀ kí ó gbà á láìsí ẹlẹ́rìí tí ó tó ẹlẹ́rìí. Ìbéèrè rẹ̀ ni ó sì fi ọ̀nà déédéé han gbogbo ìjọ Mùsùlùmí títí di òní. Bí ìyá inú ilé olórogún kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá bá lè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo yìí, pé òun kò ní gbà á àyàfi ní ojú gbogbo ènìyàn, ìdajì ẹjọ́ ilẹ̀ ni kò ní dé kóòtù.

Àwọn onímọ̀ kò fi ojú kan náà wo bí àṣẹ yìí ṣe le tó. Imam Ahmad rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀ranyàn. Imam Malik, Imam Abu Hanifa àti Imam Shafi'i rí i gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó dára jùlọ, tí kíkọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ohun ìkórìíra. Nínú Risala tí Ibn Abi Zayd kọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé kéwú ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, ìkórìíra ni kí bàbá kó gbogbo dúkìá rẹ̀ fún apá kan nínú ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba fífún ọmọ ní díẹ̀ nínú rẹ̀ láyè. Ibi tí àwọn kan dì mú nìyí. Wọ́n ń sọ pé Màlíkì ni àwọn, pé bàbá sì lè fún ẹni tí ó bá wù ú. Àmọ́ wọn kì í ka ìwé náà dé ibi tí ó ti sọ ohun tí ó ń sọ ẹ̀bùn di ẹ̀bùn.

Ẹ̀BÙN TÍ A KÒ GBÀ SỌ́WỌ́

Nínú òfin Màlíkì, ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ìwé nìkan kò tó láti mú kí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òbí títí láé. Ẹni tí a fún gbọ́dọ̀ gbà á sọ́wọ́ kí olùfúnni tó kú, kí ó sì tó dùbúlẹ̀ àìsàn ikú. Bí bàbá bá sọ pé òun ti fi ilé ta ọmọ tí ó ti dàgbà lọ́rẹ, ṣùgbọ́n tí bàbá fúnra rẹ̀ ń gbé inú rẹ̀ títí ó fi kú, tí ó sì ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé bí ti àtẹ̀yìnwá, ogún ni ilé náà, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ẹ̀rí èyí wá láti ilé ẹni tí ó lọ́lá jùlọ nínú ìjọ yìí lẹ́yìn Ànábì. Imam Malik gbà á wá nínú Muwatta pé Abu Bakr fún ọmọ rẹ̀ Aisha ní ogún òṣùwọ̀n wasq èso dàbínù láti inú dúkìá rẹ̀ ní Ghaba. Kò tíì kórè rẹ̀ gbà tí ikú fi dé bá bàbá rẹ̀ ní ọdún kẹtàlá Híjírà. Orí àìsàn ni Abu Bakr wà tí ó fi sọ fún un pé kò sí ẹni tí òun fẹ́ kí ó lọ́rọ̀ lẹ́yìn òun bí i tirẹ̀, ṣùgbọ́n pé ìbá ṣe pé ó ti gbà á sọ́wọ́ ni, ìbá jẹ́ tirẹ̀. Ní báyìí, ó ti di ti àwọn ajogún, ìyẹn àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì àti àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì. Ó ní kí wọ́n pín in gẹ́gẹ́ bí Àlùkùráánì ti wí. Ẹnu ya Aisha, nítorí pé Asma'u nìkan ni ó mọ̀ ní arábìnrin. Bàbá rẹ̀ dá a lóhùn pé èkejì wà nínú oyún ìyàwó òun, ọmọ Kharija, pé òun rò pé obìnrin ni. Ó sì rí bẹ́ẹ̀: Umm Kulthum ni wọ́n bí lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ìyẹn ni ọmọ tí kò tíì wá sáyé, tí bàbá rẹ̀ kò rí ojú rẹ̀ rí, síbẹ̀ tí bàbá náà kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n náà kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe Aisha, ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo. Bí Abu Bakr kò bá lè fi ìfẹ́ rẹ̀ sí Aisha yẹ òfin, ta ni bàbá tí yóò fi ìfẹ́ rẹ̀ sí ọmọ kan yẹ̀ ẹ́? Bí Aisha bá sì gbà láìjiyàn, ta ni ọmọ tí yóò gbé ìwé jáde lẹ́yìn ìsìnkú?

Ó yẹ kí ọ̀dọ́ tún mọ̀ pé nínú òfin Màlíkì kan náà, bàbá lè gba ẹ̀bùn tí ó fún ọmọ rẹ̀ padà, àyàfi bí ọmọ náà bá ti fi gbéyàwó tàbí tí àwọn ènìyàn ti tìtorí rẹ̀ yá a lówó, tàbí irú ìdí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òbí tí ó bá rí i pé wọ́n ti tan òun jẹ, tàbí pé ẹ̀bùn òun ti dá ìjà sílẹ̀, kò tíì pẹ́ jù fún un. Kí ó ṣe bí Bashir ti ṣe.

Ẹ̀BÙN TÍ A ṢE LÓRÍ ÀÌSÀN

Ọ̀pọ̀ ìwé tí ń dá ìjà sílẹ̀ ni a tẹ̀ ka sí nígbà tí òbí ti dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò dìde níbẹ̀ mọ́. Òfin Ìsìláàmù kò wo irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀bùn ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ohun tí ènìyàn bá fi tọrẹ nínú àìsàn ikú dà bí ohun tí ó fi sílẹ̀ nínú wàsíyà: kò gbọdọ̀ kọjá ìdá mẹ́ta dúkìá rẹ̀, kò sì lè jẹ́ ti ajogún àyàfi bí àwọn ajogún yòókù bá fọwọ́ sí i.

Ní Mẹ́kà, ní ọdún Hajj Ìdágbére, Sa'd ọmọ Abi Waqqas ṣe àìsàn tí ó rò pé òun yóò tipasẹ̀ rẹ̀ kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó ní nígbà náà. Ó fẹ́ fi ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta dúkìá rẹ̀ ṣe sàráà, Ànábì kọ̀. Ó ní kí ó jẹ́ ìdajì, Ànábì kọ̀. Ó ní kí ó jẹ́ ìdá mẹ́ta, Ànábì gbà, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ìdá mẹ́ta gan-an pọ̀, pé kí ènìyàn fi ajogún rẹ̀ sílẹ̀ ní ọlọ́rọ̀ sàn ju kí wọ́n máa tọrọ jẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé sàráà ní ojú ọ̀nà Ọlọ́hun ni a fi ààlà sí báyìí, nítorí ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin kan, báwo ni yóò ti rí fún ẹni tí ó fẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ mẹ́fà?

Àpẹẹrẹ kan yóò mú un yé ni. Bí ọkùnrin kan bá kú, tí ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin méjì, ọmọbìnrin mẹ́ta àti ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì mẹ́jọ tí iye wọn dọ́gba sílẹ̀, tí kò sì sí gbèsè, wàsíyà tàbí òbí tí ó wà láàyè, ìyàwó yóò gba ìdá mẹ́jọ, ìyẹn pulọ́ọ̀tì 1. Méje yóò kù. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan yóò gba 2, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan yóò gba 1. Ó pé géérégé. Ṣùgbọ́n bí àkọ́bí bá ti fi ìwé ìkọ̀kọ̀ gba mẹ́rin nínú rẹ̀, opó àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kò ní rí ju ìdajì pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lọ, nígbà tí ọkùnrin náà yóò ní márùn-ún. Lẹ́yìn tí Súúrà Nisa'i to àwọn ìpín wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ, ààlà Ọlọ́hun ni ó pè wọ́n, ó sì ṣe ìlérí ọgbà ìdẹ̀ra fún ẹni tí ó bá pa wọ́n mọ́ àti ìyà iná fún ẹni tí ó bá kọjá wọn.

Àwọn kan a máa sọ pé ọmọbìnrin kò ní ilẹ̀ nílé bàbá rẹ̀, nítorí pé ilé ọkọ ni ó ń lọ. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ẹ̀sìn, irọ́ ni wọ́n sì pa mọ́ àṣà. Ẹsẹ ìkeje Súúrà Nisa'i sọ pé obìnrin ní ìpín nínú ohun tí òbí fi sílẹ̀, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Nínú àṣà Yorùbá pàápàá, ọmọ ni ọmọ í jẹ́. Àwọn kóòtù Èkó ti gba èyí wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá.

OHUN TÍ ÒFIN ÌLÚ SỌ

Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé òfin ìjọba láti fi bo ohun tí Ṣàríà kọ̀, kí ó mọ̀ pé òfin náà kò dúró gbọin lẹ́yìn rẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ilẹ̀ tí ó ní C of O kò ṣeé fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ bí gómìnà kò bá fọwọ́ sí i. Bí ilẹ̀ bá sì jẹ́ ti ẹbí, bàbá kan kò lè dá a fún ọmọ rẹ̀. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ni wọ́n gbọ́dọ̀ jùmọ̀ fọwọ́ sí i. Ohun tí kì í ṣe tìrẹ, o kò lè fi tọrẹ. Ní ti ẹni tí kò mọ̀wé, òfin tí ń dáàbò bo púrúǹtù béèrè pé kí ẹni tí ó bá bá a kọ ìwé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kí ó sì jẹ́ pé ó ti kà á fún un, ó sì ti yé e, kí ó tó tẹ̀ka. Ọ̀pọ̀ ìwé ìka òru ni kò ní èyí.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá jáwé olúborí ní kóòtù kò tíì bọ́. Ní ọdún 1971, Kóòtù tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ nínú ẹjọ́ Adesubokan àti Yinusa pé Mùsùlùmí lè ṣe ìwé ìhágún lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1837, kí ó sì pín dúkìá rẹ̀ bí ó ti wù ú. Nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1962, ọkùnrin kan fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí a pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ mẹ́sàn-án, ọ̀nà mẹ́sàn-án. Kóòtù sì fi àṣẹ sí ìdí-igi, ìyàwó mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́rin. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí ó bá ìpín Súúrà Nisa'i mu. Àwọn adájọ́ ìlú ń fi òfin ìlú dájọ́, wọn kì í fi tọrùn dájọ́.

Ànábì fúnra rẹ̀ kìlọ̀, gẹ́gẹ́ bí Umm Salama ti gbà á wá, pé ènìyàn ni òun, pé ẹnì kan lè mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹnì kejì lọ kí òun sì dá a láre; ẹni tí òun bá sì fi ẹ̀tọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ fún bẹ́ẹ̀, ègé iná ni òun gé fún un. Bí ìdájọ́ Ànábì kò bá lè sọ ohun háráámù di háláálì, ìdájọ́ wo ni yóò sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀?

OHUN TÍ Ó YẸ NÍ ṢÍṢE

Ìlọrin ní kóòtù Ṣàríà ti ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù kò ní in. Àwọn ìgbìmọ̀ Ṣàríà tí àwọn Mùsùlùmí dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó ní ọdún 2002 kò lè dá ẹjọ́ àyàfi ti ẹni tí ó bá fúnra rẹ̀ gbé e wá. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn ẹbí fúnra wọn ni àtúnṣe ọ̀rọ̀ yìí wà, ọwọ́ ọ̀dọ́ inú ẹbí ní pàtàkì.

Kí ọmọ tí òbí bá fẹ́ fún ní ilẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tí Ànábì béèrè lọ́wọ́ Bashir. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, kí ó fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́, tàbí kí ó bẹ òbí pé kí ó pe gbogbo àwọn ọmọ jọ. Ẹni tí ó bá wà ní òkè òkun, kí wọ́n fi fóònù bá a sọ̀rọ̀ ní ojú gbogbo ènìyàn.

Kí òbí tí ó bá fẹ́ fi ilẹ̀ tọrẹ ṣe é nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá, tí ọkàn rẹ̀ sì pé. Kí ó bọ́ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, kí ọmọ gbà á, kí ọmọ máa lò ó, kí ìwé ìjọba sì tẹ̀lé e. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ọmọ tí ó ń gbà á, nítorí pé bí Ọlọ́hun ti pàṣẹ kíkọ gbèsè sílẹ̀ nínú Súúrà Baqara, ẹsẹ 282, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tún yẹ ní kíkọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kò bá fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ títí yóò fi kú, kí ó fi í sílẹ̀ fún ogún, nítorí pé Ọlọ́hun ti pín in dáadáa ju bí ó ti lè pín in lọ.

Kí àwọn ọmọ tí kò sí nílé má ṣe dúró di ọjọ́ ìsìnkú kí wọ́n tó béèrè. Kí wọ́n máa wá, kí wọ́n gba ìṣẹ́ ìtọ́jú ṣe, kí wọ́n sì san ti ẹni tí ó ń ṣe é. Ọmọ tí ó bá rí i pé àwọn ẹ̀gbọ́n òun kò gbàgbé òun kò ní wá ẹ̀san òun nínú òkùnkùn.

Ẹni tí ó ti ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú àpótí ńkọ́? Bí òbí bá ṣì wà láàyè, kí ó gbé e jáde lónìí, kí ó kà á fún òbí àti fún gbogbo àwọn ọmọ. Bí wọn kò bá tẹ́wọ́ gbà á, kí ó fà á ya. Bí òbí bá ti kú, kí ó pe àáfà tí ó mọ ìmọ̀ mírásì, kí ó sì dá ilẹ̀ náà padà sínú ogún. Ìyẹn ni ojúlówó sàráà tí ó lè ṣe fún òkú òbí rẹ̀, tí ó sàn ju gbogbo màlúù tí àwọn ènìyàn ń pa ní ọjọ́ kẹjọ lọ, èyí tí Ànábì kò pa láṣẹ. Òbí tí ó kú pẹ̀lú àbòsí tí ọmọ mú kí ó ṣe, tí àwọn ọmọ yòókù sì ń ṣépè lé e, ìrànlọ́wọ́ wo ni ó wá nílò ju kí a gbé ẹrù náà kúrò ní ọrùn rẹ̀?

Ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọmọ tí ó fi òkùnkùn gba ilẹ̀ òbí lónìí yóò dàgbà, ẹsẹ̀ òun náà kò ní gbé e mọ́, àwọn ọmọ tirẹ̀ yóò sì mú íǹkì wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jẹ́ kí Ọlọ́hun pín in yóò jókòó láàárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Ìléyá, yóò sì jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú wọn.

Kí Ọlọ́hun mú ìfẹ́ dúkìá rọlẹ̀ nínú ọkàn wa, kí Ó kẹ́ àwọn òbí wa bí wọ́n ti kẹ́ wa ní kékeré, kí Ó sì so okùn ẹbí wa pọ̀ lórí òtítọ́. Àmín.